Ṣé a gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó bá wa ṣe ìwádìí?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, àwọn kan wá bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa pé ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa. Kí kálukú san owó ìforúkọsílẹ̀, kí a yọ̀ǹda ilẹ̀, wọn yóò fún wa ní irúgbìn tuntun. Ṣé ká tètè san án kí àǹfààní yìí má baà bọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san nǹkan kan. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé ó ti ń bí mi nínú, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bínú sí.

Ẹ rò pé àwọn onímọ̀ ló ni ọgbọ́n, kí ẹ̀yin ṣáà ti mú ilẹ̀ àti owó wá. Oníbàárà nìyẹn, kì í ṣe alábàáṣe. Onímọ̀ mọ bí a ṣe ń da ẹ̀yà irúgbìn méjì pọ̀. Èyí tí kì í tètè jiná lórí iná yín ńkọ́? Èyí tó máa ń gbó kí ìyàn tó wọlé ńkọ́? Ẹnu yín ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ wo ìrẹsì NERICA, tí WARDA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì ní Áfíríkà (AfricaRice lónìí), mú jáde láti ara ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà. Iṣẹ́ yìí ló mú kí Monty Jones, onímọ̀ tó ṣe é níbẹ̀, wà lára àwọn tó gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 2004. Ẹ fi ẹ̀bùn yẹn sílẹ̀, ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ àgbẹ̀ ló kàn yín. Lọ́dún kìíní, wọ́n á gbin oríṣi ìrẹsì tó lè tó 60 sójú kan, tọkùnrin tobìnrin á máa rìn yí i ká, wọ́n á mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n á sì sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún kejì, àgbẹ̀ á gbé bíi mẹ́fà nínú èyí tó mú lọ sóko ara rẹ̀. Ọdún kẹta ni wọ́n tó ń béèrè bóyá á fowó ra irúgbìn, lẹ́yìn tó ti kórè. Tiyín, ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń béèrè owó!

N kò pe ẹnikẹ́ni lólè o. N kò rí ìwé àdéhùn yín, n kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ wá ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ bi wọ́n léèrè: bí irúgbìn náà bá kùnà, àdánù ta ni? Ṣé a lè tọ́jú lára ìkórè, ká tún un gbìn? (Irúgbìn àmúlùmálà, tí wọ́n ń pè ní hybrid, kì í so dáadáa mọ́ bí a bá tún un gbìn.) Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì fúnra yín kàn sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà, ẹ má lo nọ́ńbà tí àwọn àlejò yẹn fún yín.

Bó bá jẹ́ òótọ́, igun oko kékeré ni kí ẹ fi dán an wò. Kí ìyókù ṣì máa bọ́ ilé.