Ìwé ìṣirò àbí ojú: èwo la fi ń mú agbábọ́ọ̀lù?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú ọmọ 12 fún ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ìwé tí ẹ kọ pọ́íǹtì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà sí lẹ máa tẹ̀lé àbí ojú yín.

Ẹ má ju ìwé nù o. Ìṣirò ló tú àṣírí kan ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta, tí 35 ń wọlé nínú 100, pọ́íǹtì 105 ló ń kó wálé. Ẹni tó sún mọ́ iwájú díẹ̀, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ pọ́íǹtì méjì, tí 40 ń wọlé fún nínú 100, 80 péré ni tiẹ̀. Lójú lásán, ẹni kejì la máa pàtẹ́wọ́ fún.

Àmọ́ ẹ wo Giannis, ìràwọ̀ NBA, ọmọ Adétòkunbọ̀ tiwa. Ìpele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá a kí Milwaukee, ẹgbẹ́ NBA kan, tó mú un ní ipò 15 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2013. Kí ni ìwé fẹ́ sọ níbẹ̀? Àwọn tó rìnrìn àjò lọ wò ó ló rí bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀. (Ojú náà ń tanni: ọmọ tó ga jù lèmi mú lọ́jọ́ kan, kò lè sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá.)

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn kéré jù. Ẹ jẹ́ kí ìwé yọ orúkọ 20, kí ojú yín mú 12 níbẹ̀. Tí méjèèjì bá ta ko ara wọn lórí ọmọ kan, ẹ tún lọ wò ó, kó má mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.