Ẹ̀rù tó ń ba nọ́ọ̀sì tuntun, àti ẹnu tó yẹ kó là

Àbúrò mi, mo ka gbogbo ohun tó o kọ látòkè délẹ̀. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, o sì yege dáadáa, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó o ti wà ní wọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ẹ ṣì ń gbọ̀n tó o bá fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, àwọn ọ̀gá ń jágbe mọ́ ẹ, Ọjọ́bọ̀ lo sì máa wọ ṣíìfù alẹ́ fúngbà àkọ́kọ́, oorun ò kun ojú ẹ látìgbà tó o ti rí orúkọ ẹ lórí rọ́sítà. O wá ń bèèrè pé ìgbà wo lẹ̀rù yìí máa lọ, àbí iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìẹ ni. Jẹ́ n dá ẹ lóhùn bó ṣe rí gan-an. Ó ti lé lọ́dún 16 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú mi ti rí nǹkan.

Ẹ̀rù fúnra ẹ̀ kì í pa aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rù bà tó wá panu mọ́, ibẹ̀ ni ewu wà. Mo mọ̀, torí èmi ni mo panu mọ́.

Oṣù kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ṣíìfù alẹ́, àwa méjì péré la wà lórí aláìsàn 26. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún wọn nìyẹn. Ní aago 11 mo ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó jẹ́ 26. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn dáa, 118 lórí 74. Ara wọn gbóná díẹ̀, kò pọ̀. Wọn ò sọ pé nǹkan kan ń dùn wọ́n, wọ́n kàn ń fọwọ́ fa etí aṣọ ìbora, wọ́n á fà á, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á tún fà á, wọ́n sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́. Ara mi sọ fún mi pé nǹkan kan ò dáa. Ṣùgbọ́n dókítà tó wà lójú iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti jágbe mọ́ ẹnì kejì mi nírọ̀lẹ́ pé kí ló ń pe òun fún, ẹnì kejì mi yẹn sì wà lọ́dọ̀ aláìsàn míì tó ń bì. Mo kọ 26 sí ṣáàtì, mo kọjá lọ. Ní aago 1 ó ti di 28, mo tún kọ ọ́. Nígbà tó máa fi di aago 4, ìfúnpá ti já sí 82 lórí 50, ara bàbá tutù, wọ́n ń làágùn, mo pè wọ́n wọn ò dáhùn mọ́.

Ibi tí wọ́n so ìfun pọ̀ sí ló ti ń jò sínú ikùn, àkóràn sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sáré gbé wọn padà sí tíátà, wọ́n pẹ́ ní ibi ìtọ́jú àkànṣe, àmọ́ wọ́n yè é. Ọ̀gá dókítà tó wá yẹ ṣáàtì wò láàárọ̀ ò bú mi. Ó kàn fi ìka lé 26 yẹn, ó ní, "Ta lo sọ fún?" Mi ò rí nǹkan sọ. Wákàtí márùn-ún gbáko ni mo fi mọ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Gbọ́ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún mi. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí nǹkan bá ti ń bà jẹ́ lára, èémí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà, ìfúnpá lè ṣì dúró dáadáa fún ọ̀pọ̀ wákàtí torí ọkàn á máa sáré, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣì dé ọpọlọ, ìgbà tí agbára yẹn bá wá tán ni á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà yẹn ó ti pẹ́. Ní 2012 Royal College of Physicians ní London gbé ètò máàkì kan jáde tí wọ́n ń pè ní NEWS, bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i, èémí tó bá ti tó 25 sókè gba 3 lójú ẹsẹ̀, 8 sísàlẹ̀ náà gba 3, ohun kan ṣoṣo tó bá sì ti gba 3, ó yẹ kí wọ́n pe ẹni tó máa wá wo aláìsàn náà kíákíá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọ́n fi kún un pé tí orí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà rú, 3 nìyẹn náà. Bàbá tó ń bi mí ní aago 11 alẹ́ pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, ó ti gba 3 lọ́nà méjì kí n tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní wọ́ọ̀dù wa nígbà yẹn a ò ní ètò kankan tó jọ ọ́, àmọ́ ara mi ti sọ ohun kan náà fún mi.

Torí náà ka èémí o, àbúrò mi. Kà á ní ti gidi. Di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń ka ìlùkìkì ọkàn, kó o máa wo àyà ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun á yí bó ṣe ń mí padà. Má sì kọ 18 tàbí 20 torí pé gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sókè ló jẹ́ 18 tàbí 20. Mo ti rí ṣáàtì tí odindi wọ́ọ̀dù ń mí ní 20 fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bà mí nínú jẹ́.

Ní ti bó o ṣe máa là ẹnu, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní SBAR, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti wá kí àwọn ilé ìwòsàn tó mú un lò. Lẹ́tà mẹ́rin ẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin ni: kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí, kí ló ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí lo rò pé ó jẹ́, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Fóònù tó yẹ kí n ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn rèé: "Dókítà, ẹ kúuṣẹ́, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 9 ni mo ń torí ẹ̀ pè, èémí wọn ti di 26, orí wọn sì ń dà rú, wọn ò mọ̀ pé alẹ́ ni. Ọjọ́ kẹrin iṣẹ́ abẹ ìfun nìyí, láàárọ̀ 16 ni wọ́n ń mí. Ìfúnpá ṣì dáa àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé àkóràn ló wọlé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò wọ́n báyìí, ṣé kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tá a máa fi gba ẹ̀jẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó dé?" Kò gba ìṣẹ́jú kan. Apá tó kẹ́yìn yẹn làwọn nọ́ọ̀sì tuntun máa ń fò, wọ́n á ka nọ́ńbà sílẹ̀ wọ́n á dákẹ́, dókítà á ní "ó dáa," oníkálukú á rò pé ẹnì kejì ló máa ṣe nǹkan, ilẹ̀ á sì mọ́. Tó bá sì jágbe mọ́ ẹ, jẹ́ kó jágbe, tún un sọ, kọ aago tó o pè sílẹ̀ àti ohun tó sọ, tí ò bá wá, pe ọ̀gá ẹ̀. Ojú á tì ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n bá fi sọ́dọ̀ mi báyìí, kí wọ́n tó wọ ṣíìfù alẹ́ àkọ́kọ́, màá ní kí wọ́n dúró níwájú mi kí wọ́n gbé fóònù sétí kí wọ́n pe èmi bí ẹni ń pe dókítà, mo sì máa ń fi ohùn líle dá wọn lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kíní ohùn wọn ò ní jáde. Tó bá fi máa di ìgbà karùn-ún, wọ́n á ti máa sọ ọ́ láìwo ìwé. Má dúró de ìgbà tẹ́nì kan máa ṣe é fún ẹ, wá ẹnì kejì kẹ́ ẹ jọ ṣe é kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá. O ní ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí mo súnmọ́ ọn jù láti pa èèyàn, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ọdún kejì mi ni, ara mi ti balẹ̀, mo ti mọ gbogbo ibi tí nǹkan wà. Mo fẹ́ fi omi po oògùn fún obìnrin kan, mo nawọ́ sínú dúrọ́ọ̀, mo mú ìgò kékeré tí wọ́n ń ṣẹ́ lọ́rùn yẹn, mo ṣẹ́ ẹ, mo fà á sínú síríńjì, mò ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Sínióò kan tó jókòó nítòsí ní, "Ka orúkọ tó wà lára ẹ̀ sí mi létí." Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ mo kà á. Potassium chloride ni. Èyí tí wọn ò tíì bù là yẹn, tó bá wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà, ọkàn á dúró. Ẹnì kan ló fi í síbi tí ò yẹ, èmi náà ò sì wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi kó o kúrò ní wọ́ọ̀dù pátápátá.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ka ara ìgò: nígbà tí mo bá mú un, nígbà tí mo bá ń fà á, kí n tó jù ú nù. Ẹnu mi ni mo fi ń kà á, ó máa ń jáde síta. Tí wọ́n bá pè mí níbi tí mo ti ń po oògùn, mi ò ní dáhùn, tó bá sì di dandan kí n lọ, màá da èyí tí mo ti pò nù, màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ínsúlínì, síríńjì tiẹ̀ nìkan ni o, torí èyí tó wọ́pọ̀ jù, 100 unit ló wà nínú mílílítà kan, 10 unit ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà lọ, àṣìṣe díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Kó o sì kọ "unit" tán, má kọ U, torí ẹni tó ń kánjú á rí 10U á pè é ní 100. Dírípù náà, ṣe ìṣirò ẹ̀ sórí ìwé kó o fi han ẹlòmíì: lítà kan fún wákàtí 8, tí okùn ẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ̀kán 20 jẹ́ mílílítà kan, 1000 lọ́nà 20, pín in sí ìṣẹ́jú 480, nǹkan bí ẹ̀kán 42 láàárín ìṣẹ́jú kan. Má ṣe fojú díwọ̀n ẹ̀.

Àti ọ̀rọ̀ orúkọ. Má bi aláìsàn pé "ṣé ẹ̀yin ni lágbájá?" Ẹni tí ara ò yá tàbí tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?" kó o wá fi wé ohun tí wọ́n kọ sára báǹdì tó wà lọ́rùn ọwọ́ wọn.

Tí wọ́n bá ní kó o ṣe ohun tó ò tíì ṣe rí, ó ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kó mọ́ ẹ lẹ́nu: "Mi ò tíì ṣe èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí." Àwọn kan á pòṣé. Ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Tí àṣìṣe bá wá ṣẹlẹ̀, aláìsàn ni kó o kọ́kọ́ lọ wò, kó o pe dókítà, kó o sọ fún ọ̀gá ẹ, kó o wá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má pa nǹkan kan rẹ́ nínú ṣáàtì, fa ìlà kan ṣoṣo lé e kó ṣì ṣeé kà, kó o fọwọ́ sí i. Ìwọ náà tọ́jú ara ẹ: má dé abẹ́rẹ́ tó o ti lò padà, tó bá gún ẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, má tẹ ibẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ jáde, lọ sọ lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà HIV ò ṣeé bẹ̀rẹ̀ mọ́ tí wákàtí 72 bá ti kọjá, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tẹ́ ẹ jágbe mọ́ lónìí torí ó béèrè nǹkan, kò ní béèrè lọ́la, aláìsàn ló sì máa jìyà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Nínú gbogbo àwọn tó o tọ́jú, ta lọ́kàn ẹ ò balẹ̀ lé lórí?" kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ká ní ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ ní aago 12 òru ọjọ́ yẹn ni, mi ò bá ti sọ ọ́.

Àbúrò mi, o bèèrè ìgbà tó máa lọ. Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ ní 1984 pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì máa ń gbà, àti pé ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà kó tó di ẹni tó lè to iṣẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ á sì ká a. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Ìwọ ò tíì lo oṣù kan, kí lo fẹ́ kí ọwọ́ ẹ ṣe?

Ní Ọjọ́bọ̀, tètè dé tó ìṣẹ́jú 20. Kó o tó gba iṣẹ́, wo ibi tí ọ́ksíjìn wà, wo ibi tí báàgì àti ìbòjú tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí sí aláìsàn wà, kọ nọ́ńbà dókítà tó wà lójú iṣẹ́ àti ti ọ̀gá ẹ̀ sínú bébà kan kó o fi sápò yúnífọ́ọ̀mù. Lọ wo gbogbo aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ kàn wọ́n, bá wọn sọ̀rọ̀, kó o tó jókòó ti ìwé kankan. Tó o bá jáde láàárọ̀ Ẹtì, sùn dáadáa, kó o wá kọ̀wé sí mi pé ta lọ́kàn ẹ ò balẹ̀ lé lórí, àti ẹni tó o sọ fún.