Èsì: Bọhóòlù fún abúlé l'Ékìtì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àníyàn ilé o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbẹ́ bọhóòlù s'ábúlé yín l'Ékìtì, ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì fowó ránṣẹ́ sẹ́nì kankan jàre. Àpáta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, ibi tí òkúta bá ti sán lomi máa ń wà, ẹ lè gbẹ́ síbí kómi tú jáde, kẹ́ ẹ gbẹ́ sọ́hùn-ún kó máa tu eruku. Tiwa lápá Ìkọ̀lé, a ò pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, a láwa ń ṣọ́wó ná, ẹni tó gbẹ́ ẹ gbowó ẹ̀ pé, ẹ̀kán omi kan ò jáde. Ìkejì yọmi o, àmọ́ nígbà tí pọ́ǹpù bàjẹ́, oṣù mẹ́jọ làwọn ará abúlé fi ń retí "àwọn ọmọ Èkó", ìyẹn àwọn ọmọ abúlé tó ń gbé l'Ékòó, kí wọ́n wá tún un ṣe! Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ lọ rí kábíyèsí, ẹ jẹ́ káwọn ìyá wà nínú kọmitíì torí àwọn ló ń ponmi, kí wọ́n máa dáwó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún àtúnṣe, kí ẹbí tó nilẹ̀ sì fọwọ́ síwèé kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ.