Ọmọ mi ní kí n wá ọ̀rọ̀ tó jọ "tàn jẹ"

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Houston la wà níbí, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, máa ń lọ kíláàsì Yorùbá ní Sátidé, tíṣà wọn wá ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó jọ "tàn jẹ" àtèyí tó takò ó, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣe gbólóhùn. Mo ka irọ́, jìbìtì, rẹ́ jẹ, màgòmágó fún un, ó wá bi mí pé ṣé bákan náà ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ó tún ti kọ ọ́ síwèé pé "Bọ̀dá mi tànjẹ mi, ó jẹ búrẹ́dì mi", kò dáa létí mi àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. London lèmi wà, irú ẹ̀ sì pọ̀ nílé wa. Etí yín ò parọ́ rárá. "Tàn" àti "jẹ" kì í lẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹn, àárín wọn lẹni tí wọ́n tàn máa ń wà: tàn mí jẹ, tàn ẹ́ jẹ, tàn wá jẹ. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ló tẹ̀lé e, àmì ìsàlẹ̀ orí "tàn" á kúrò, ẹ pè é wò, "ó tàn án jẹ" àmọ́ "ó tan Ṣadé jẹ". Ìgbà tó bá di ìtànjẹ ni wọ́n tó máa ń so ó pọ̀.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, bọ̀dá ẹ̀ ò tàn án jẹ, ó rẹ́ ẹ jẹ ni. Ìpín èèyàn tàbí ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ jẹ, olúwarẹ̀ lè máa wò wọ́n kòrókòró, kò di dandan kí wọ́n parọ́ kankan. Yàn jẹ náà sún mọ́ ọn, bí ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fúnni tí ò sanwó ẹ̀ pé, ó yan òṣìṣẹ́ jẹ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n tàn jẹ, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wọbẹ̀. Tí bọ̀dá bá ní "mọ́mì ń pè ẹ́", tó sì jẹ búrẹ́dì kó tó dé, ẹ̀n-ẹ́n, ó ti tàn án jẹ.

Ẹ pa àlọ́ Ìjàpá àti Erin fún un, ó máa yé e ju àlàyé mi lọ. Ta ló lè fipá wọ́ Erin wọ̀lú? Àkàrà olóyin ni Ìjàpá fún un jẹ, ó ní wọ́n fẹ́ fi í jọba, wọ́n ń kọrin "a ó mérin jọba" bó ṣe ń bọ̀, inú Erin ń dùn, ó lọ jókòó sórí ẹní tí wọ́n fi bo ihò, ló bá já sínú ẹ̀ gbìì. Ẹ̀tàn gidi nìyẹn, ìlérí wà níbẹ̀, adùn wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n tàn sì gbà á gbọ́. "Tàn" nìkan ò sì burú sha, a máa ń ní "bá mi tan ọmọ yẹn kó jẹun", a sì ń fi àgbàdo tan adìẹ.

Irọ́ ò ní kó tan ẹnikẹ́ni jẹ dandan, ọmọ tó ní òun ti fọnu tẹ́nu ẹ̀ ń rùn, irọ́ lásán ló pa. Jìbìtì ti owó ni, wọ́n á ní "wọ́n lù ú ní jìbìtì", gbájúẹ̀ àti 419 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ (abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, tó dá lórí fífi irọ́ gba nǹkan oní-nǹkan, lorúkọ yẹn ti wá). Màgòmágó wà fún ìbò, ìdánwò, ìwé owó, nǹkan tí wọ́n lọ́ lábẹ́lẹ̀.

Èyí tó takò ó ló le díẹ̀. Gbogbo èèyàn á sáré kọ òótọ́, àmọ́ irọ́ lòótọ́ takò, èèyàn sì lè fi òótọ́ ààbọ̀ tan ẹlòmíì jẹ dáadáa. Lójú tèmi, òdodo tàbí òótọ́ inú ló takò ẹ̀tàn, olóòótọ́ ló takò ẹlẹ́tàn. Fún "tàn jẹ" fúnra ẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ní kó kọ "sọ bó ṣe rí gan-an fún un". Ó sì lè fi òwe yìí kún un, "òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké", òtítọ́ àti èké ló jọ wà níbẹ̀ kedere.

Kó má gbàgbé àmì o, torí tó bá kọ "tán", nǹkan ti parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ fóònù ló fi ń kọ ọ́, Yorùbá wà lórí Gboard, ẹ yàn án nínú settings.