Wọ́n ní káṣúà ni mí, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan?

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu torí ìlú le, ẹni tó bá ríṣẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ni, àwọn ọ̀gá kan sì ti mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wá, ohun tí wọ́n fi ń fìyà jẹ wá nìyẹn. Mẹ́rin ni mo mú níbẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kaṣíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan n'Íbàdàn, ó ti lé lọ́dún kan. Ẹnu ni wọ́n fi gbà mí, wọn ò fún mi ní lẹ́tà. ₦45,000 ni owó oṣù mi. Tá a bá fẹ́ tìlẹ̀kùn lálẹ́, mánéjà á gbé ìwé ńlá kan jáde, iye tó bá dín nínú owó á pín in lé àwa kaṣíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí, ẹni tó bá pẹ́ dé láàárọ̀ sì ń san fáìnì ₦1,000. Lóṣù tó kọjá, ₦27,500 ni àlẹ́ẹ̀tì tí mo rí. Tá a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èèyàn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta. Àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 30 o.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí gan-an. Jẹ́ n ti orí fáìnì bẹ̀rẹ̀. Labour Act, tó jẹ́ òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ ọ́ ní abala karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ yọ owó fáìnì lára owó òṣìṣẹ́, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn pé òun á máa yọ ọ́. Torí náà, tí wọ́n bá tiẹ̀ ní o ti fọwọ́ síwèé, ìwé yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Owó tó ń dín yẹn ńkọ́? Òfin fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá níbẹ̀, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù yẹn tàbí kó jẹ́ pé àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́dọ̀ lébọ̀ ọ́físà ìjọba kó tó yọ kọ́bọ̀. Ṣé mánéjà yín lọ sọ́dọ̀ lébọ̀ ọ́físà kankan? Kí wọ́n kàn pín in lé èèyàn mẹ́rin lórí láìmọ ẹni tó ṣe é, ìyẹn ò bá òfin mu rárá. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, iye tí wọ́n lè yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦45,000, ₦15,000 ni. ₦17,500 ni wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹ.

₦45,000 yẹn gan-an ò tó. Láti July 2024 tí Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí i, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù. Lára àwọn tí òfin yẹn yọ sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ fúntáìmù àtàwọn tó ń gba kọmíṣọ̀n, ẹ̀yin ò sì sí níbẹ̀.

Pé ẹnu ni wọ́n fi gbà ẹ́, iṣẹ́ náà niṣẹ́ ń jẹ́. Àwọn gan-an ló jẹbi, torí kí oṣù mẹ́ta tó pé tó o bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fún ẹ níwèé tó sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ sí, iye owó ẹ, wákàtí iṣẹ́, líìfù àti nótíìsì. Ní báyìí, máa kó ẹ̀rí jọ: àlẹ́ẹ̀tì báǹkì, mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí mánéjà ń fi sórí WhatsApp, àti ìwé ńlá yẹn, tó o bá ti ráyè, ya fọ́tò ojú ewé tí orúkọ ẹ wà. Má dá lọ bá wọn o. Kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ kọ lẹ́tà kan, tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Mínísírì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, tó bá sì le jù bẹ́ẹ̀, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wà n'Íbàdàn níbẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé wọn ò lè lé yín. Ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta kọjá àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan péré ni Labour Act fún un. Ó kéré jù, ó ń bí mi nínú, òfin yẹn ti gbó, ó sì yẹ káwọn aṣòfin ti tún un ṣe tipẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé ẹ, gbogbo owó tó o ti ṣiṣẹ́ fún gbọ́dọ̀ pé sọ́wọ́ ẹ kí nótíìsì yẹn tó parí.

Àǹtí, ó di ọdún kẹrin tí mo ti wà ní fákítírì kan l'Ágbára, ẹ́jẹ́ǹtì ló mú wa débẹ̀, káṣúà ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọn ò gbà síṣẹ́ títí. Ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi ní Túsìdeè. Ẹ́jẹ́ǹtì fún mi ní ₦20,000 pé kí n fi ra oògùn, ó ní kò sí owó gbà-má-bínú fún káṣúà. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ gbuu ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò yín sàn. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo ti fèsì, mo kàn fẹ́ káwọn míì náà rí i kà ni.

Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ni òfin tó wà fún ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dárúkọ káṣúà ketekete: òṣìṣẹ́ tó wà títí, ẹni tó ń ṣe é fúngbà díẹ̀, ọmọṣẹ́, káṣúà, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀, ì báà jẹ́ ìwé ni wọ́n fi gbà á, ì báà jẹ́ ẹnu. Owó yẹn ò sì sí lápò ẹ́jẹ́ǹtì, ọ̀dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó àwọn tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ló wà, agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára tiyín.

Ọjọ́ ń lọ o. Láàárín ọjọ́ 14 ló yẹ kí òṣìṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọwọ́ ọ̀tún yín ló ṣèṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín kọ ọ́: ọjọ́ wo, aago mélòó, ẹ̀rọ wo, àwọn wo ló wà níbẹ̀. Ẹ fún ẹ́jẹ́ǹtì ní kan, ẹ fún fákítírì ní kan, kí wọ́n sì sáìn ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú káàdì ọsibítù àti rìsíìtì oògùn. Torí ₦20,000 yẹn, ẹ má sáìn ìwé kankan tó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tó ti ń wọṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé fún ọdún mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ kan náà, kí ló kù tó fi jẹ́ káṣúà? Labour Act ò dá ẹ̀ka kankan sílẹ̀ tó ń jẹ́ káṣúà. Tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ lọ, nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ni, kí wọ́n kọ ọ́ síwèé. Ẹ tún béèrè pẹ́ńṣọ̀n yín, torí ilé iṣẹ́ tó bá lóṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ san 10%, ẹ̀yin náà á san 8%.

Risẹ́pṣọ̀nísìtì ni mí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo, mo ti lo ọdún méjì. Mo lóyún oṣù márùn-ún. Mánéjà ní tí ikùn mi bá ti hàn kí n máa lọ, tí mo bá bímọ tán káwọn wò ó bóyá àyè wà.

Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Abala 54 nínú Labour Act ló sọ̀rọ̀ ẹ. Tó o bá mú ìwé dókítà wá, o lè gba líìfù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó o tó bímọ, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ. Níwọ̀n ìgbà tó o ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀, ó kéré tán wọ́n á máa san ìlàjì owó oṣù ẹ. Wọn ò gbọdọ̀ fún ẹ ní ìwé gbélé ẹ nígbà tó o wà ní líìfù yẹn, tó o bá sì padà, wọ́n á fún ẹ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Kọ lẹ́tà sí wọn nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lé ẹ. Kí Ọlọ́run sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Mo ti rìsáìn níléèwé àdáni tí mo ti ń kọ́ni n'Íkòròdú, ọ̀gá ní òun ò gbà á, ó wá di sátífíkéètì mi mú.

Rìsáìn ò nílò kí ọ̀gá gbà á. Tí lẹ́tà ẹ bá ti dé ọwọ́ wọn, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, bí Industrial Court ṣe ń dá a nìyí, abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà náà sì ní kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi tipátipá mú ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé o ò fún wọn ní nótíìsì tó pé, owó nótíìsì ni wọ́n lè bi ẹ́, sátífíkéètì ẹ kọ́. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú ìjà báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Mú ẹ̀dà lẹ́tà rìsáìn ẹ dání àti ẹ̀rí ọjọ́ tó o fi sílẹ̀, wọ́n á kọ̀wé pe ọ̀gá yẹn wá. Tí kò bá yọjú, Office of the Public Defender ń bá ẹni tí kò lówó lọ́yà gba ẹjọ́ rò.