Ìbọn orí tábìlì: wàá bá afẹ́fẹ́ jà, wàá sì bá ọlọ́fíìsì jà

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ láàárọ̀ yìí. O ní o wo fídíò àwọn òyìnbó kan tí wọ́n jókòó ti tábìlì, tí ìbọn sùn sórí àpò iyanrìn, tí ọta márùn-ún sì gba ojú ihò kan ṣoṣo kọjá, eré tí wọ́n ń pè ní benchrest. O ń bèèrè ohun tó dùn níbẹ̀, àti bóyá iṣẹ́ ọwọ́ kankan ṣì kù nínú ohun tí tábìlì ti bá èèyàn gbé tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ láti London lóṣù Kejìlá. O fẹ́ mọ̀ bóyá kó bá ẹ gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ọta jáde dípò ẹ̀tù, bọ̀ sí Àkóbọ̀, àti irú awò tí wọ́n fi ń wo ojú àmì lókèèrè tó yẹ kó rà sórí ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn apá tó lè kó ẹ sí wàhálà: rárá, kó má gbé e. Pè é lónìí, má jẹ̀ẹ́ kó di ọ̀la. Àwọn tó ti dá ẹ lóhùn ṣáájú mi pé "ohun ìṣeré ọmọdé ni, kò sẹ́ni tó máa bi í" kò tíì dúró níwájú kántà ìjọba rí.

Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1959. Òun ni wọ́n kọ sí orí F28 (Cap F28) nínú àkójọ òfin ọdún 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ti àkọ́kọ́ ni irú tí o kò gbọdọ̀ ní àfi tí àṣẹ bá ti ọ̀dọ̀ Ààrẹ wá: ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ìléwọ́ àti ti ológun. Ti ìkẹta ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Àárín méjèèjì ni wọ́n kó ìbọn ẹlẹ́nu méjì àti ìbọn eré ìdárayá sí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kọ ìbọn afẹ́fẹ́ sí, gbangba. Gbogbo èyí tó wà lábẹ́ apá kejì yìí ló ń fẹ́ láísẹ́ǹsì. Ohun tó ń tan àwọn ará òkè òkun jẹ ni pé ní England, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára ẹ̀ ò ju 12 foot-pound lọ (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ọta nìyẹn), àgbàlagbà lè rà á láìsí ìwé kankan. Scotland ti fi ìwé dè é láti ìparí ọdún 2016, ṣùgbọ́n ní London, ẹ̀gbọ́n rẹ á kàn rí i lórí pẹpẹ ni, á sanwó, á gbé e lọ. Á wá rò pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì fojú mi rí màbo. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lábù ní England lọ́hùn-ún tí mo ń múra àtibọ̀ wá sílé, ìbọn méjì ni mo ní, ìbọn oníẹ̀tù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní .22 àti ti afẹ́fẹ́ kan. Mo ta .22 fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ìwé ẹ̀ gbà á. Ti afẹ́fẹ́, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo ní kí n kọ́kọ́ gbàwé ẹ̀ nílé kí n tó gbé e. Mo wọ búbá àti ṣòkòtò tó mọ́, mo lọ sí ọ́fíìsì kan níbí, mo kí wọn tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé èyí táwọn ọmọdé fi ń pa ẹyẹ? Ẹ gbé e wá jàre." Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ̀rín tán lójú ẹ̀. Ó ní kí n lọ sí yàrá kejì.

Yàrá kejì ní òfin ò fàyè gba irú ẹ̀ rárá. Mo ti ṣe fọ́tókọ́pì òfin náà dání, mo yọ ọ́, mo fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Inú bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí àga. Ó ní, "Ṣé ẹ wá kọ́ wa níṣẹ́ ni, sà?" Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Owó fọ́ọ̀mù, kò sí risíìtì. Fọ́tò pélébé. Ìwé dókítà pé orí mi pé. Ìwé owó orí. Ìwé láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò, baálẹ̀ sì ní tiẹ̀ tó fẹ́ gbà kó tó tẹ òǹtẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún wá ní kí n mú lẹ́tà ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ máa yìnbọn nínú ẹ̀ wá. Mo mú ti ẹgbẹ́ wa ní England wá. Wọ́n ní ti Nàìjíríà làwọn ń sọ. Mo ní mi ò mọ ẹgbẹ́ kankan tó ń yìnbọn lórí tábìlì báyìí n'Íbàdàn, pé èmi gan-an ni mo fẹ́ kó o jọ. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní èèyàn ò lè kó ẹgbẹ́ oníbọn jọ láìní ìbọn, kò sì lè ní ìbọn láìní ẹgbẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbọ́ pé òun ti là mí lọ́yẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní fáìlì mi ti lọ sókè. Àwọn tòkè ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Òjò rọ̀ títí, òjò dá, ọyẹ́ dé. Ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ mi díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí tó rọ́pò ẹ̀ sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ájẹ́ǹtì kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, ó ní òun á bá mi gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé kí n ṣáà wá nǹkan kan. Ó fi èyí tó ti bá ẹlòmíràn ṣe hàn mí lórí fóònù. Mo béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Gbọ́ mi dáadáa lórí èyí: ayédèrú láísẹ́ǹsì ò sàn ju kí o má ní rárá lọ. Ẹni tí kò ní lè ní òun ò mọ̀, bí òfin ò tiẹ̀ gba àwáwí yẹn. Ẹni tó gbé ayédèrú dání, kí ló fẹ́ sọ? Ẹ̀gúnjẹ tó san náà á di ẹ̀sùn kejì. Mo padà sílé. Ìbọn mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí lọ́hùn-ún, tí mo bá lọ kí àwọn ọmọ ni mo tó ń fojú kàn án.

Ó dáa, adùn tí o bèèrè. Ìwọ ló sọ pé tábìlì ti bá èèyàn gbé e tán. Tábìlì kàn gba gbígbọ̀n ọwọ́ kúrò lára ẹ ni, àwáwí tí o lè ṣe sì bá a lọ. Nínú ìdíje ìbọn oníẹ̀tù tó lágbára ju .22 lọ, tí wọ́n ń yìn ní 100 àti 200 yáàdì, ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fún ẹ láti yin ọta márùn-ún tí wọ́n máa kà. Àmì mìíràn wà nísàlẹ̀ bébà tí o lè fi dán ibi tí ọta ń lọ wò, iye tó bá wù ẹ́. Wọ́n á wá wọn àárín ihò méjì tó jìnnà síra jù. Wàá ṣe irú ẹ̀ márùn-ún, wọ́n á fi wá ìpíndọ́gba. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n tiwọn kì í tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ní 100 yáàdì. Nítorí pé ọta márùn-ún lè gba ihò kan, bébà mìíràn wà lẹ́yìn tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń yìn, kí wọ́n lè ka iye ọta tó kọjá lóòótọ́. Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ: kò sí pé adájọ́ fẹ́ràn ẹ tàbí kò fẹ́ràn ẹ. Ìbọn náà ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, páùn 10.5 fún ìpele kan, 13.5 fún òmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọta tí wọ́n ń pè ní 6 PPC, tí Palmisano tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ àti Pindell tó jẹ́ oníṣẹ́ irin jọ gbé jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980 ní Amẹ́ríkà. Dókítà àti oníṣẹ́ irin o. Kì í ṣe ológun.

Ti .22 àti ti afẹ́fẹ́ yàtọ̀, òun ni mo sì mọ̀ dunjú. Ojú àmì 25 ló wà lórí bébà kan, ọta kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì 250 ni tí o bá gbà á tán. Mítà 50 ni ti .22, mítà 25 ni ti afẹ́fẹ́. Ó dà bíi pé ó sún mọ́ni, àbí? Afẹ́fẹ́ máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wá á ti ọta .22 kúrò lójú ọ̀nà ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ kó tó dé mítà 50 yẹn. Ojú àmì tí o ń wá ò tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ò sì ní dúró jẹ́ kan náà láti ẹnu ìbọn dé ara bébà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àsíá kéékèèké fi máa ń tò lọ lórí pápá. Èyí tó sún mọ́ ẹ ni kí o bẹ̀rù jù, torí ọta tí wọ́n bá ti tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ á máa ya lọ ni títí yóò fi dé. Tún fi kún un pé ọta ń yí bó ṣe ń lọ: bó bá ń yí sọ́tùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ti ọwọ́ ọ̀tún wá á tì í sósì, á tún gbé e sókè díẹ̀, èyí tó ti òsì wá á tì í sọ́tùn-ún, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, wọ́n á rí ihò tó gòkè, wọ́n á ní ọta ò dáa.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí o ń bèèrè, ojú ló wà. Wàá wo àsíá, wàá yan irú afẹ́fẹ́ kan tó ń padà wá lemọ́lemọ́, wàá fi ọta ìdánwò mọ ibi tó ń gbé ọta lọ, wàá wá dúró dè é. Bí ẹni tó fẹ́ dá títì kọjá ní Ìwó Road ni: tó o bá kù gììrì, wọ́n á gbá ẹ; tó o bá ní dandan kí ọ̀nà dá pátápátá, ilẹ̀ á ṣú bá ẹ níbẹ̀. Ìka wà lórí tírígà, aago ń lọ, àsíá mẹ́ta ti fara mọ́ra, ẹ̀kẹrin ń jà. Kí o gbé ìka kúrò nígbà náà, òun ló le jù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí fídíò ò ní sọ ìyẹn fún ẹ, torí ohun tí wọ́n ń tà kò sí nínú ẹ̀. Ọ̀kan lára irú wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan, sọ pé ọ̀pá ìbọn mi ti ṣá, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wa wo bébà mi, ó ní, "Àsíá kejì lo ò wò." Ọ̀pá yẹn náà ni mo ṣì ń lò títí mo fi tà á.

Ìyókù ò le: bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń fi èjìká kan ìdí ìbọn, bí wọ́n ṣe ń nu inú ẹ̀. Ẹgbẹ́ á fi hàn ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Kí n tó gbàgbé, òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta wọ̀nyí. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fi kan oúnjẹ, má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Di etí rẹ tó bá jẹ́ oníẹ̀tù. Mo tún rí ọmọkùnrin kan tó ń gbé ìbọn onírọ́bà kiri nínú báàgì gígùn dúdú. Ẹni tó gbé ìbọn gidi dúró lójú títì ní Ọ̀jọ́ọ̀ lóru ò ní kọ́kọ́ bi ẹ́ bóyá ti rọ́bà ni.

N'Íbàdàn níbí, ohun tí o lè ṣe láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni ni kíkọ́ afẹ́fẹ́. Mo ní ilẹ̀ kan lápá Mọ́níyà, mo ri irin tín-ín-rín mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, mo so rìbọ́nù pupa mọ́ wọn lórí, mo gbé àga sí ìkángun kan. Mo ń kọ ohun tí rìbọ́nù àkọ́kọ́ ṣe sílẹ̀, àti ìgbà tí tìkẹyìn tó tẹ̀ lé e. (Aládùúgbò mi kan yà fún ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó rò pé ààlè ni mo gbé síbẹ̀. Mi ò tètè là á lọ́yẹ̀, torí àwọn tó ń jí iṣu mi wú náà ti dẹwọ́.) Ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá ṣú láìtíì rọ̀ ló dáa jù fún un, afẹ́fẹ́ á yí padà léraléra níṣojú ẹ. Lọ́sàn-án tóòrùn bá mú, wo bí ooru ṣe ń jó lójú títì ọlọ́dà. Irú ẹ̀ náà á máa gbé àwòrán ojú àmì kiri nínú awò rẹ.

Tí ìwọ náà bá rí físà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kó bá ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó ń gba àlejò lọ́jọ́ kan. Tí òun fúnra ẹ̀ bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ .22, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ni wọ́n á fi wò ó kí wọ́n tó gbà á tán. Wọn kì í gba ẹ̀gúnjẹ níbẹ̀, sùúrù ni wọ́n ń gbà.

Awò náà dà? Èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìgbà 36 sókè ni wọ́n ń lò lórí tábìlì, kó sì ní ibi tí wọ́n ń yí kí àmì inú ẹ̀ má bàa máa rìn nígbà tójú bá rìn. Wo bó ṣe wúwo tó, torí wọ́n á wọ̀n ọ́n mọ́ ìbọn. Kó má tíì rà á. Tó bá sì ti ra ìbọn náà kí o tó ka èyí, kó mú risíìtì dání, kó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó di pé wọ́n ń di ẹrù.