Ẹ Bi Wá: Kí ló dé tí kíláàmù ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni à ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ wa mú wa lọ wa razor clam, kíláàmù oníkarahun tó ń gbé inú iyanrìn etíkun, ní Long Beach ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Mẹ́rin péré ni mo rí, mẹ́ta sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́wàá náà lè wa? — Bàbá Tóyìn

Ẹ kú àárẹ̀, Bàbá Tóyìn. Ibi tí ẹ ti ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀ ló bà á jẹ́. Àmì tí kíláàmù ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá fa ọrùn wọlé ni ẹ ó wá: ihò kékeré, tàbí kòtò bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ ẹ̀bà, tàbí iyanrìn tó wú yí ihò ká bíi dónọ́ọ̀tì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ìdí ṣọ́bìrì lu ilẹ̀ létí omi, á yọ.

Ẹ má gún àmì náà lórí. Ẹ kọjú sókun, kí ẹ ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀ ní íńṣì 4 sí 6 síwájú àmì, lápá òkun, kí ọwọ́ ṣọ́bìrì kọjú sí òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kí ẹ fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ṣánṣán. Bó bá dagun, ìkarahun ló máa gé. Ẹ wá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ péré kí iyanrìn lè tú, kí ẹ gbé e sókè síwájú. Bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ wá a kíákíá, torí ojú yín báyìí ló ṣe ń sá wọlẹ̀. Ìkarahun ni kí ẹ dì mú. Bí ẹ bá fa ọrùn, á já. Ẹ rọra o, etí ìkarahun yẹn mú bí abẹ.

Páìpù tí wọ́n fi ń wa kíláàmù, tó ní ihò atẹ́gùn lókè, ló máa rọ ọmọ yín lọ́rùn. Kó fi ẹnu rẹ̀ bo àmì náà, kí àmì wà láàárín gan-an, kí orí páìpù dagun díẹ̀ sápá òkìtì iyanrìn. Kó yí i wọlẹ̀ tó íńṣì 6 sí 10, kó fi àtàǹpàkò dí ihò atẹ́gùn òkè, kó tó fà á yọ. Bí kò bá dí ihò yẹn, iyanrìn kò ní bá páìpù jáde. Ẹnu páìpù kò gbọdọ̀ kéré sí íńṣì 4.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kò nílò láíséǹsì. Ẹ̀yin nílò rẹ̀. Iye tí òfin sábà máa ń gbà fún ẹnì kan lójúmọ́ ni 15, àwọn 15 tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wa sì ni. Kékeré ni o, fífọ́ ni o, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, torí èyí tẹ́ ẹ bá jù sílẹ̀, kíkú ló sábà máa ń kú. Kálukú ló ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ọmọ tó bá sùn sínú mọ́tò kò ní 15 kankan tẹ́ ẹ máa bá a wa.

Ṣé ọjọ́ tó bá wù wá la lè lọ? Ṣé tá a bá sè é jinná, májèlé inú rẹ̀ kò ní kú? — Ìyá Ìbejì, Seattle

Rárá sí méjèèjì, Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ tí Washington Department of Fish and Wildlife, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko, bá kéde, ní etíkun tí wọ́n bá dárúkọ, nìkan ni. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún domoic acid, májèlé tó ń ti ara àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín inú òkun wá. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára razor clam níbẹ̀. Iná kò pa á, fírísà kò pa á. Ó lè mú kéèyàn máa bì, ó lè ba ìrántí jẹ́, ó sì lè pani.

Ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì kí omi tó fà sẹ́yìn tán. Nígbà òtútù, alẹ́ ni, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ má kẹ̀yìn sókun.

Báwo la ṣe ń tún un ṣe? — Àdùkẹ́, Olympia

Ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, títí ìkarahun á fi là, kí ẹ jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ gé ṣóńṣó ọrùn kúrò, ẹ là á, ẹ yọ ìfun dúdú àti ìjàgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ fi omi ṣàn án. Nínú òróró tó gbóná, ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, á le bíi rọ́bà.